Ọjọ́ Méje Tí Kọ̀ǹpútà Kà fún Ìyá Gàníyù

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀, ẹ bá mi gbọ́ ohun kan tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Fìdítì. Mi ò sọ ọ́ ní gbangba rí. Ọkọ mi pàápàá, ìdajì rẹ̀ ló gbọ́.

Ohun tó rú ọ̀rọ̀ yìí sókè ni pé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan, tó ń ṣe áàpù fóònù, pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní òun fẹ́ kí áàpù òun máa sọ Yorùbá. Ó ní dípò kó máa to déètì gbọọrọ sábẹ́ mẹ́séèjì, òun fẹ́ kó máa kọ "ṣẹ̀ṣẹ̀ báyìí", "lánàá", "ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn", kó lè tètè yé èèyàn. Ṣé kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò? Ẹ̀yin èèyàn mi, mo jágbe mọ́ ọmọ ọlọ́mọ! Ó ní, "Àǹtí, kí ni mo ṣe?" Kò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo ṣe é, kí wọ́n tó bí i.

Ayé ológun nígbà náà ni, nígbà tó jẹ́ pé inú fíìmù là ń ti rí fóònù alágbèéká. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ kọ̀ǹpútà parí ní Ìbàdàn. Háà, ẹ bá wo ìgbéraga mi! Bí mo bá ń rìn nígboro Fìdítì, ẹ ó rò pé èmi ni mo ni títì. Àǹtí Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń pè mí, mo sì ń jẹ́ ẹ tayọ̀tayọ̀.

Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo wa ń pè ní Ọ̀gá Tíṣà, ló gbà mí síṣẹ́ ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà rẹ̀ lẹ́bàá títì Ọ̀yọ́. Fóònù kan, kọ̀ǹpútà àlòkù kan, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tó ń pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta. Ó tán. Àwọn ọmọ Fìdítì àti Iware ìtòsí wa tó wà lẹ́yìn odi máa ń pè síbẹ̀, wọ́n á fi mẹ́séèjì sílẹ̀ fún àwọn ará ilé wọn. Èmi ni mo ń gbé ìpè, èmi ni mo ń tẹ mẹ́séèjì sínú kọ̀ǹpútà. A ó wá ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ín. Tó bá dé, màá tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà péńpé fún un. Tí kò bá mọ̀wé, màá kà á sí i létí.

Níbẹ̀rẹ̀, déètì ló máa ń wà lórí bébà yẹn. Àwọn àgbà ò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. "Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹta", kí ni wọ́n fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Wọ́n á ní kí n yéé da àwọn lórí rú, kí n sọ fún àwọn bóyá àná ni àbí ìjẹta.

Ni mo bá lo ọgbọ́n. Mo kọ ọ́ fún kọ̀ǹpútà pé kó máa yọ ọjọ́ tí mẹ́séèjì dé kúrò nínú ọjọ́ òní. Tí kò bá ṣẹ́ ku nǹkan kan, kó kọ "lónìí". Tó bá ku ọ̀kan, kó kọ "lánàá". Tó bá ku méjì, kó kọ "níjẹta". Tó bá ti ju méjì lọ, kó kọ iye tó ṣẹ́ kù gan-an: ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Déètì ńkọ́? Mo yọ ọ́ kúrò lórí bébà! Mo ní ta ló nílò rẹ̀. Inú àwọn àgbà dùn, wọ́n ń ṣàdúrà fún mi. Ọ̀gá Tíṣà ní orí mi pé ju ti gbogbo ọmọ tí òun ti kọ́ níwèé lọ. Èmi náà sì gbà á gbọ́, òpònú èmi.

Ẹnì kan kìlọ̀ fún mi o. Mi ò lè purọ́ pé wọn ò kìlọ̀ fún mi. Bàbá Àkànó ni, àgbẹ̀ ọlọ́sàn kan tí ọmọ rẹ̀ wà nílùú òyìnbó. Ọmọ náà pè lọ́jọ́ Jímọ̀, bàbá wá gba mẹ́séèjì lọ́jọ́ Ajé. Mo kà á fún un: ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn. Ó ní ìyẹn ni pé Sátidé lọmọ òun pè. Mo ní rárá, Jímọ̀ ni. Bàbá na ìka sókè, ó ń kà á sí mi lójú: òní Ajé, ọ̀kan, àná Àìkú, méjì, ìjẹta Sátidé, mẹ́ta, Jímọ̀, mẹ́rin.

"Ọjọ́ mẹ́rin nìyẹn. Ṣé kọ̀ǹpútà tìrẹ kì í ka òní mọ́ ọjọ́ ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n má rẹ́rìn-ín o. Ó ní tí wọ́n bá bí ọmọ lọ́jọ́ Ajé, tí a ní ọjọ́ kẹjọ la ó sọ ọ́ lórúkọ, ṣebí ọjọ́ Ajé náà la máa sọ ọ́? Ta ni kì í ka ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ mọ́ ọn? Ó ní bí gbogbo ilé ṣe ń ka ọjọ́ nìyẹn, àfi ilé tí wọ́n ti bí kọ̀ǹpútà mi.

Ẹ mọ ohun tí mo sọ fún bàbá tó lè bí bàbá mi? Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò ayé àtijọ́ sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà kì í ṣàṣìṣe." Ó wò mí, ó ní kò burú, ó bọ́ sórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ. Kí n kàn fi ọ̀kan kún nọ́ńbà yẹn ni o! Ìlà kan péré nínú ohun tí mo kọ. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì. Mi ò ṣe é.

Ó ku ìyá tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ìyá Gàníyù, Iware ni wọ́n ń gbé, wọ́n ń gbin ẹ̀gẹ́, wọ́n ń yan gàrí. Ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún wọn láyé ni Gàníyù, ó sì ti lọ sí Gàbọ́ǹ. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, wọ́n ránṣẹ́ sí i. Ó ní òun ń bọ̀. Wọ́n sin bàbá, kò dé. Wọ́n ṣe fìdáù ọjọ́ mẹ́jọ, kò dé. Wọ́n ṣe ogójì ọjọ́, kò dé. Ìbínú gba ìyá lọ́kàn. Wọ́n gba ohùn sínú kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n fi rán ẹni tó ń lọ sí Gàbọ́ǹ. Wọ́n ní kí Gàníyù má pe àwọn ní ìyá mọ́ títí àwọn ó fi wọ kòtò. Ẹ mọ ẹnu ìyá nígbà tó bá ń bínú. Ọdún márùn-ún ni Gàníyù ò fi dún, tí kò mì.

Ìyá ti kábàámọ̀ tipẹ́. Gbogbo Iware ló mọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti Gàbọ́ǹ dé, wọ́n á lọ bá a, wọ́n á ní ṣé ó rí ọmọ àwọn.

Ó wá di ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, fóònù dún, mo gbé e. Gàníyù ni! Ìlà ń ṣe kírakíra, ó ń yára sọ̀rọ̀. Ó ní kí n sọ fún ìyá òun pé òun wà láàyè. Ó ní ẹ̀wọ̀n lòun wà nígbà tí bàbá òun kú, nítorí ìwé ìgbélùú, ojú sì ń ti òun láti sọ ọ́. Ó ní òní ọjọ́ mẹ́jọ, lẹ́yìn ìrun Àìlà, òun á tún pè, kí ìyá òun jọ̀ọ́ kí wọ́n wá dúró ti fóònù. Ó ní tí wọ́n bá gba mẹ́séèjì yìí tí wọn ò wá, òun á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ inú kásẹ́ẹ̀tì ṣì dúró, òun ò sì ní yọ wọ́n lẹ́nu mọ́ láé. Mo ní kó fún mi ní nọ́ńbà. Ìlà já.

Mo tẹ gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. A ránṣẹ́ sí Iware. Ìyá ò sí nílé, wọ́n ti lọ sí abà, wọ́n ń hú ẹ̀gẹ́. Ọjọ́ kọjá lọ́jọ́. Mẹ́séèjì mìíràn ń wọlé, ogún, ọgbọ̀n, n kò sì rántí ọjọ́ wo gan-an ni èyí dé mọ́. Kí ni mo fẹ́ rántí fún? Ṣebí kọ̀ǹpútà mi ń rántí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, ìyá dé. Erùpẹ̀ oko ṣì wà lẹ́sẹ̀ wọn, wọn ò dúró wẹ̀. Wọ́n gbọ́ tí wọ́n dárúkọ Gàníyù ni. Èmi sì ń kánjú, mò ń lọ ra rébọ́nì ẹ̀rọ ìtẹ̀wé l'Ọ́yọ̀ọ́, dẹ́rẹ́bà ti ń fun fèrè níta. Mo tẹ bébà jáde, mo kà á: Gàníyù pè láti Gàbọ́ǹ, ọjọ́ méje sẹ́yìn. Mo ka ìyókù. Ìyá bú sẹ́kún. Wọ́n ń sọ pé, "Ẹ̀wọ̀n! Ọmọ mi wà lẹ́wọ̀n, mo sì ń gbé e ṣépè!" Wọ́n ní kí n tún un kà, mo tún un kà.

Wọ́n nu ojú. Wọ́n wá kà á lọ́wọ́ pé tí òní bá jẹ́ ọjọ́ méje tó pè, ọ̀la ló pé ọjọ́ mẹ́jọ, àbí? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

Wọ́n ní, "Ṣé kí n má kúkú jókòó síbí lónìí náà? Bóyá."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, mo fọwọ́ ara mi gbá bébà yẹn, mo ní, "Màmá, ohun tí kọ̀ǹpútà bá sọ, abẹ ge ibẹ̀. Ẹ lọ sinmi. Ẹ wẹ̀, ẹ múra dáadáa, kẹ́ ẹ wá lọ́la." Mo tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà pé wọ́n ti gba mẹ́séèjì, mo sì fò sínú mọ́tò. Ìyá gba ọ̀nà Iware lọ, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ó ń lọ sí ìrọ̀lẹ́ nígbà tí mo dé. Ìyàwó Ọ̀gá Tíṣà, tí à ń pè ní Mọ̀mí Bọ́lá, ló ń bá mi mójú tó fóònù. Wọ́n ń bó ọsàn jẹ. Wọ́n ní ọkùnrin kan pè láti Gàbọ́ǹ lẹ́yìn Àìlà, ó ń béèrè ìyá rẹ̀. Wọ́n ní àwọn wo kọ̀ǹpútà, àwọn rí i pé ìyá ti gba mẹ́séèjì láàárọ̀, àwọn sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Mo ní, "Kí ló wá sọ?"

Wọ́n ní, "Ó béèrè pé ṣé ìyá wà níbẹ̀, mo ní rárá, wọ́n ti lọ sílé. Ó ní ẹ ṣeun, ó gbé fóònù sílẹ̀."

Mo lọ sídìí kọ̀ǹpútà, mo wá déètì tó ṣì wà ní ìpamọ́ nínú rẹ̀. Ìṣẹ́gun! Ìṣẹ́gun ló pè, òní sì ni Ìṣẹ́gun! Mò ń kà á lórí ìka bí Bàbá Àkànó ṣe kà á. Ìṣẹ́gun, ọ̀kan. Ọjọ́rú, méjì. Mo kà á dé Ìṣẹ́gun òní, ó jẹ́ mẹ́jọ. Ohun tí kọ̀ǹpútà pè ní ọjọ́ méje, ọjọ́ mẹ́jọ gan-an ni lójú Gàníyù, lójú ìyá rẹ̀, lójú gbogbo ẹni tí ìyá Yorùbá bí. Èmi nìkan ni mo kà á bí òyìnbó.

Mo sáré bá Ọ̀gá Tíṣà. Mo ní a gbọ́dọ̀ lọ sí Iware lẹ́sẹ̀ yìí, ká sọ fún ìyá. Ọ̀gá ní kí n jókòó. Wọ́n ní ó lè tún pè lọ́la, ta ló mọ̀? Tí kò bá sì pè, tí ọ̀rọ̀ yìí bá jáde, ta ni yóò tún fi mẹ́séèjì ọmọ rẹ̀ lé wa lọ́wọ́? Wọ́n ní kí n pa ẹnu mi mọ́. Mo pa á mọ́. Ẹ má bá mi dá Ọ̀gá Tíṣà lẹ́bi jù. Kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ mi ni mò ń rò. Ojú ló ń tì mí. Mi ò fẹ́ kí Fìdítì gbọ́ pé Àǹtí Kọ̀ǹpútà ò mọ ọjọ́ kà!

Lọ́jọ́ kejì, ìyá dé kí oòrùn tó mú. Wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti lé tìróò, wọ́n wọ léèsì funfun. Mọ̀mí Bọ́lá bi wọ́n léèrè pé ṣé Gàníyù máa rí wọn nínú fóònù ni. Ìyá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ohùn ẹni tó múra yàtọ̀ sí ti ẹni tí kò múra. Wọ́n jókòó. Gbogbo ìgbà tí fóònù bá dún, wọ́n á dìde dúró. Ọmọ ẹlòmíì ni. Wọ́n á tún jókòó. Wọ́n kírun Àìlà síbẹ̀, wọ́n kírun Alásàrí síbẹ̀. Èmi ń tẹ kọ̀ǹpútà ní tèmi, n kò tẹ ohun tó nítumọ̀ kan.

Nígbà tí a fẹ́ ti ìlẹ̀kùn, wọ́n dìde. Wọ́n ní, "Gàníyù náà ni. Ó tún ti parọ́ fún mi." Wọ́n ní kí n kú wàhálà.

Ẹnu mi ò ya. Ṣé ẹ gbọ́? Gbólóhùn kan péré ni ìyá yìí nílò lọ́wọ́ mi, mi ò sọ ọ́.

Wọ́n tún wá ní ọ̀sẹ̀ kejì. Wọn ò wá mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Tí a bá pàdé lọ́jà, wọ́n á pè mí ní ọmọ mi, wọ́n á bu gàrí lé mi lọ́wọ́. Mò ń gbà á, mò ń mu ún. Kí ọdún tó yípo, àìsàn dé, wọ́n kú. Mo lọ síbi fìdáù wọn, mo jẹ ìrẹsì, mo ṣe àmín bí gbogbo èèyàn.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé Gàníyù ti dé. Mo gun ọ̀kadà lọ sí Iware. Mo bá a níwájú ilé, irun rẹ̀ ti ń funfun. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Nígbà tí mo parí, ó ní,

"Wọ́n wá lọ́jọ́ kejì?"

Mo ní, "Wọ́n wá, sà."

"Wọ́n pẹ́ níbẹ̀?"

"Títí a fi ti ìlẹ̀kùn."

"Kí ni wọ́n sọ nígbà tí wọ́n ń lọ?"

Mo lè purọ́. Ó wá sí mi lọ́kàn pé kí n ní wọ́n súre fún un. Ṣùgbọ́n irọ́ ti sú mi. Mo ní, "Wọ́n ní ẹ tún ti parọ́ fún àwọn."

Ó mi orí. Ó béèrè pé bí wọ́n ṣe gbà á gbọ́ títí wọ́n fi kú nìyẹn? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó béèrè pé èmi mọ̀ ní gbogbo àkókò yẹn, mo sì ń rí wọn ní gbogbo ọjọ́ ọjà? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Kò bú mi. Ó ní kí n dìde, kí n máa lọ, kí òun má bàa sọ ohun tí òun ò ní lè kó mọ́. Ó ní ìyá òun ti ṣe bẹ́ẹ̀ nínú kásẹ́ẹ̀tì, gbogbo wa sì ti rí ibi tó já sí. Mi ò rí i mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ẹ̀kọ́ wo lẹ rí fà yọ níbẹ̀? Ẹ̀yin ọmọ tó ń ṣe áàpù, ẹ kọ "lánàá", ẹ kọ "ìjẹta", kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ orúkọ ọjọ́ náà mọ́ ọn, kẹ́ ẹ sì lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó máa kà á pé báwo ni wọ́n ṣe ń ka ọjọ́ nílé wọn. Tí àgbàlagbà bá na ìka sí yín lójú, ẹ dúró kà á pẹ̀lú rẹ̀.

Ti èmi ò sì parí síbẹ̀. Ọjọ́ kan péré ni kọ̀ǹpútà fi ṣì í. Èmi tí mo lẹ́nu, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan tí mo fi dákẹ́ fún ìyá ọlọ́mọ kan, tí mò ń gba gàrí lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ jẹ ní gbólóhùn kan tí ẹ ò tíì sọ? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mo fẹ́ kà á. Ṣùgbọ́n tí ẹni náà bá ṣì wà láàyè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kọ ọ́ sí mi. Ẹ kọ́kọ́ lọ bá a.